Omi Tó Wà Lẹ́yìn Ojú Ọdẹ́rìndé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé tàbí kó máa lọ, nítorí ìtàn kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan wà níta. Ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé ẹfọ̀n náà ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a sinmi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní ju agbára mi lọ. Ti Ọdẹ́rìndé ará Òkè-Ẹtu ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tó rìn títí tó fi rí ohun tí ẹ̀dá kì í rí: ó rí ẹ̀yìn ojú ara rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Iyọ̀ tí mo bá bù sí i kò ju ìwọ̀n orí ìka méjì lọ.

Ní ìgbà ayé Ọdẹ́rìndé, ojú ọ̀tún rẹ̀ ní oríkì tirẹ̀. Ẹ mọ bí àwa ọdẹ ti ń ṣe: a ó di ojú òsì, a ó fi ojú ọ̀tún tọ ẹnu ìbọn lọ bí ẹni ń fi okùn wọn ilẹ̀. Ojú ọ̀tún yẹn lè yin eèrà kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ kí ọ̀bọ má mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Òun ni gbogbo ilé ń jẹ. Òun ni ìlú fi ń sùn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí igi, Ọdẹ́rìndé rí ẹtu kan tó bẹ̀rẹ̀ létí odò, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó di ojú òsì. Ó gbé ìbọn. Ohun tó rí nìyí: ẹnu ìbọn náà wọ́ bí ìrù alángbá. Lára ẹtu náà gan-an, ní àárín, ihò kan wà, ó rí róbótó, ó dúdú bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka bọ eérú tó wá fi tẹ aṣọ funfun. Ó ní, "Ẹtu yìí lóògùn lára." Ó pe ọfọ̀ mẹ́ta, ó fa ìbọn.

Gbòlà!

Igbá omi kan fọ́ yángá. Ẹtu náà fò sókè, ó di ènìyàn, ó ké, "Yéè! Ẹ̀gbọ́n! Ṣé torí iyán yín tí mo jẹ lánàá ni?"

Láòyè ni, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó lọ pọn omi tòun ti aṣọ pupa tó ró mọ́dìí. Ọta ìbọn gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ kọjá, ó bá igbá. Ká ní ìbọn tọ́ bí ojú Ọdẹ́rìndé ṣe rò pé ó yẹ kó tọ́ ni, òkú àna rẹ̀ ni ì bá gbé délé. Kò sọ ju, "Ìbọn yìí ti bàjẹ́," ó sì gba àgbẹ̀dẹ lọ.

"Ògúnjìnmí," ó ní, "bá mi na ìbọn yìí. Ó ti wọ́."

Alágbẹ̀dẹ gbé ìbọn sókè, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Baba ọdẹ, ìbọn yìí tọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu yín lọ."

"Ṣé o fọ́jú ni?"

"Iná ti jó irùn ojú mi, kò tíì jó ojú. Ẹ fi méjèèjì wò ó."

Ọdẹ́rìndé fi ojú méjèèjì wò ó. Ìbọn tọ́. Ó di ojú òsì: ìbọn wọ́. Ó di ojú ọ̀tún: ìbọn tọ́ gbọnrangandan. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹkùn ti fi èékánná kan ọkùnrin yìí láyà rí, ẹ̀rù kò bà á tó ti ọjọ́ náà. Alágbẹ̀dẹ ti rí i. Ó dá ọwọ́ ewìrì dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Baba ọdẹ, ẹ má bínú o. Iná àgbẹ̀dẹ kì í na ojú."

Nígbà tó délé, ó jókòó síwájú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, ó ń wò ó.

"Kí lẹ̀ ń wò bí ẹni fẹ́ rà mí?"

"Gèlè rẹ ni mò ń rí. Mo rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ kò sí níbẹ̀."

"Ojú mi kò sí níbẹ̀! Ta ló wá ń bá yín sọ̀rọ̀, ìlẹ̀kẹ̀?" Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò bá òun rín in, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù kan àti ààbọ̀. Mo rò pé igbó ló ń ṣe mí."

"Ẹ wá gbọ́, Bàbá Ọdẹ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ sọ fún mi pé obìnrin kan ń bẹ lẹ́yìn Igbó Méjìméjì, Ìyá Awòsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, tó ń wo ìsàlẹ̀ ojú bí àwa ti ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ. Igbá ló fọ́ lónìí. Bí ẹ bá jókòó síbí títí ojú yẹn yóò fi kú, ẹni tí ẹ máa pa lọ́la, n kò ní mọ bí a ti ń bẹ ilé wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e jáde. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀, ó lọ. Ohun tó wà nínú àpò náà, ẹ má bi mí báyìí. Àpò ọdẹ, ọdẹ àti Ògún ló mọ inú rẹ̀. Òfin wa ni, àtìgbà ìwáṣẹ̀, pé ọdẹ kì í tú àpò rẹ̀ níwájú ẹ̀dá alààyè.

Ẹ ò dé Igbó Méjìméjì rí, ẹ má sì gbàdúrà láti débẹ̀. Kò sí ohun tó dá wà níbẹ̀. Bí ìrókò kan bá dúró, ìkejì rẹ̀ á dúró tì í, tí ewé wọn á jọ máa mì. Odò méjì ń ṣàn pọ̀, ẹyẹ méjì ń kọ orin kan lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji Ọdẹ́rìndé pàápàá di méjì, ọ̀kan ń lọ síwájú, ọ̀kan ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ní àárín igbó ni iwin kan gbé dúró, ó ga bí ọ̀pẹ, ojú kan wà níwájú orí rẹ̀, èkejì wà ní ìpàkọ́. Ojúkan-Ò-Tó lorúkọ rẹ̀.

"Ọdẹ," iwin náà ní, "kí lo wá ṣe níbi tí kò sí ohun tó dá wà, ìwọ tó o dá wá?"

Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí Ọdẹ́rìndé rántí ohun tó gbé e jáde nílé. Ó di ojú òsì, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀meje. Nígbà tí èéfín lọ tán, iwin náà wà níbi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọta ìbọn kúrò lára igi kan tó jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ ogún. Ó kó wọn lé Ọdẹ́rìndé lọ́wọ́. "Gbà, tọ́jú wọn. Kí ni igi yìí fi ṣe ọ́? Ṣé ó bú baba rẹ ni?"

Ojú ti ọdẹ. Iwin náà jókòó, ilẹ̀ mì.

"N kò ní pa ọ́, ìwọ fúnra rẹ kò sá mọ ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa kọjá, á já àlọ́ mi. Ìbejì kan ń ṣọ́ ẹnubodè ọba. Táíwò ti kú lórí ìdúró, kò ṣubú. Nígbàkúùgbà tí ọba bá pe Táíwò, Kẹ́hìndé ló ń jẹ́ ẹ, ohùn wọn sì jọra. Báwo ni ọba yóò ṣe mọ̀ kí ọ̀tá tó gba ibi òkú wọlé?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń mi orí yẹn, ṣé o ti já a? Irọ́ ni! Èmi tí mo já àlọ́ ìjàpá méje ní ìdúró kan, odidi ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ọdẹ́rìndé kò tilẹ̀ ronú, nítorí ohun tó fojú rí ni. Ó ní, "Kí ọba rán Kẹ́hìndé lọ sóko, kó wá pe Táíwò."

Iwin náà pariwo ayọ̀, gbogbo ẹyẹ igbó náà fò ní méjìméjì. "Ènìyàn tó ti gbabí kọjá pọ̀, ọ̀kan kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ní kí ọba pariwo sí i! Ojú kan ni ó ń bo àṣírí èkejì. Ẹni tí kò bá bo ọ̀kan, kò lè gbọ́ ẹjọ́ èkejì. Máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni n ó fi sìn ọ́: omi ló wà lójú rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ẹ̀ pa á. Ìwọ tó o jẹ́ Yorùbá, bí wọ́n bá ní omi wà lójú rẹ, kí ni wàá rò? Ẹkún náà ni! Ọdẹ́rìndé ní, "Háà, mo gbọ́ ọ yé. Ẹkún tí mo kọ̀ tí n kò sun láti kékeré ló kó jọ." Ó bá gba ọ̀nà Ìlú Ẹkún-Dára.

Ìlú yẹn! Bí o bá ti dé bodè ni òórùn àlùbọ́sà máa gbá ọ létí. Láyé àtijọ́, ojú ń yọ ọba wọn lẹ́nu, àlejò kan tó ń kọjá lọ sì sọ pé omi ló wà nídìí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò dúró ṣàlàyé. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń gé àlùbọ́sà, tí wọ́n ń fín ata, tí wọ́n ń sunkún láti gbọn omi náà jáde. Bí wọ́n ti ń kíra wọn nìyí: "Ẹ kú ẹkún o!" Ẹnì kejì á ní, "Omijé á tù wá lára o." Ọba Dákun-Sunkún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbada fún Ọdẹ́rìndé. "Kún un, àlejò. Bó bá kún, ojú á là."

Ọjọ́ méje ni ọkùnrin wa fi sunkún. Ó sun ti baba rẹ̀ tó kú, ó sun ti ajá rẹ̀ tí erè gbé mì, nígbà tí ẹkún tán, ó ń sun ti àwọn ẹran tó ti pa. Ní ọjọ́ keje, ó nu ojú, ó bo ti òsì, ó wo ògiri ààfin. Òkùnkùn róbótó náà wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀run: ó bá a débẹ̀. Ó wo ilẹ̀: ó ti ṣáájú rẹ̀. Ó wá jókòó jẹ́ẹ́. Ọdẹ ni, ó mọ ìtọpasẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ohun tó ń bá mi lọ síbi gbogbo tí mo bá wò, kò sí níta. Ẹkún mi sì ń fọ iwájú."

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọba. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Omijé ń ṣàn níwájú ojú ni. Ó dà bí ẹni pé tèmi, ẹ̀yìn ló wà. Ẹni tí òrùlé ń jò sí nínú yàrá, ìgbàlẹ̀ ìta kò ràn án lọ́wọ́."

"Ó ní ẹkún wa kò wúlò!" Ọba fò dìde. "Ẹ mú un! Ẹ dè é mọ́lẹ̀!"

Ẹ̀ṣọ́ ogójì sáré dé. Ojú gbogbo wọn ti wú bí àkàrà. Òpó ààfin ni wọ́n dì mú, wọ́n fi okùn yí i, wọ́n ń gbá a létí pé kó tọrọ àforíjì. Ọdẹ́rìndé gba àárín wọn kọjá, ó ń sọ fún ẹni tó bá fara kàn pé, "Ẹ kú ẹkún o."

Ẹ jẹ́ kí n mí. Ibi tí ìtàn yìí dé yìí, bí mo bá ń sọ ọ́, ara mi kì í gbà mí.

Ọ̀nà tó gbé e kúrò níbẹ̀ ló gbé e dé ìlú tí gbogbo agboolé ní kànga, tí oòrùn sì ń wọ inú kànga kọ̀ọ̀kan débi pé òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé kà. Ìyá Awòsàlẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò ga ju odó lọ. Irun orí rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù bí omi àárọ̀. Ọdẹ́rìndé rí i pé ìyá náà kò wo ìbọn, kò wo ẹ̀wù oògùn tó wọ̀. Ojú ló ń wò.

"Ọmọ mi, ọ̀nà rẹ jìn. O ti sunkún?"

"Ìyá, ọjọ́ méje ni."

"Pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ yà sí."

Ó ta àwọ̀n kan sójú fèrèsé, okùn rẹ̀ tọ́ níbùú lóròó, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan so sí àárín. Ó ní kí ó bo ojú òsì, kí ó wo ìlẹ̀kẹ̀ náà nìkan, kí ó fi ìka ya ohun tó bá rí sínú eérú. Ọdẹ́rìndé yà á. Okùn rẹ̀ ń wọ́ yí àárín ká, bí ebè oko ti ń yà fún kùkùté. Ìlẹ̀kẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ó bo ojú ọ̀tún, ó tún un yà: àwọ̀n tọ́. Ìyá náà wo eérú méjèèjì. Ó fún omi ewé kan sí i lójú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn ọjọ́ ọdún, ìmọ́lẹ̀ ilé náà ń gún un, ó fi apá bojú.

"Má bẹ̀rù. Mo ní kí olóde ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Jẹ́ kí n wọlé."

Ó mú ẹyọ ìrì kan tó ti le bí dígí, ó fi ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láàárín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ojú náà.

"Hùn-ún. Mo ti rí i. Ọmọ mi, lẹ́yìn ẹyinjú, awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Ẹní ni. Orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ò ń rí máa ń sùn sí, igi, ẹran, ojú aya rẹ. Ẹní yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tìrẹ, omi ti sun lábẹ́ rẹ̀, àárín rẹ̀ ti wú. Ohun tó bá sùn sórí ẹní tó wú, ṣé kò ní wọ́?"

Ọdẹ́rìndé bi í, "Ìyá, níbo ni omi náà ti ń wá?"

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Ó mú omi kan tó pọ́n bí òdòdó, ó fi ẹ̀gún wẹ́wẹ́ kan tì í sínú iṣan apá rẹ̀. (Títí di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ; ó ké tí gbogbo agboolé fi jáde. Ìyá náà ní àwọn ọkùnrin akíkanjú náà ló máa ń ké jù.) Ó gbé àwo omi kan síwájú rẹ̀. "Wo inú rẹ̀. Ojú tó ń wo ayé kì í rí ara rẹ̀. Lónìí, rí i."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni n ó fi wé e? Ó rí òṣùpá kan tó pupa bí epo tuntun, tó kún gbogbo àwo. Láti ẹ̀gbẹ́ òṣùpá náà ni odò ẹ̀jẹ̀ ti jáde, wọ́n ń yà, wọ́n ń pẹ̀ka, wọ́n ń tinrín sí i bí ẹ̀ka ìrókò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, títí wọ́n fi tinrín ju okùn aláǹtakùn lọ. Kò sí oko tí wọ́n dá tó létò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń wò ó, omi pípọ́n náà wọlé. Ó sáré gba odò ńlá, ó sáré gba odò kékeré, gbogbo rẹ̀ tàn bí ìgbà tí tanná-tanná ẹgbẹ̀rún bá bà sórí igi kan. Ọdẹ́rìndé ti pa ẹran fún ogún ọdún, ó ti la ojú ẹran sí méjì rí, kò mọ̀ pé irú ìlú báyìí ń bẹ nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí sí mi lórí, tí mo ń gbé e kiri inú ẹ̀gún?"

"Ìwọ bi Elédùmarè. Wo àárín."

Ní àárín, ìléròrò omi kan wà, ó mọ́ gaara bí ìrì orí ewé kókò. Láti abẹ́ rẹ̀, ibì kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń tú èéfín pípọ́n sókè, díẹ̀díẹ̀, bí èéfín ilé ìdáná ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

"Ojú ìsun rẹ̀ nìyẹn," Ìyá Awòsàlẹ̀ ní. "Ó kù kí a mọ ẹni tó là á. Kí lò ń jẹ?"

"Iyán, ọkà, ẹran ìgbẹ́."

"Kí lò ń lá?"

"N kì í lá nǹkan kan."

Èéfín inú àwo ga sí i.

"Àwọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, tó kún bí ti ọmọ ọwọ́. Ìgbà wo ni wọ́n kún?"

"Ìgbádùn ni, Ìyá. Gbogbo ayé ló ń sọ pé mo sanra."

Èéfín fò sókè, ó bo òṣùpá náà mọ́lẹ̀ tán. Ìyá náà fi ọwọ́ rọra ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọdẹ, mo ti rí ẹ̀yìn ojú rẹ, àpò rẹ ni n kò rí. Omi yìí ti lé ní oṣù méjì. Omi tó bá pẹ́ lábẹ́ ẹní, ẹní á jẹrà, n kò sì ní òwú tí a fi ń hun òmíràn. Tú àpò rẹ."

"Ìyá, ọdẹ kì í tú àpò."

"Nígbà náà, ọdẹ á fọ́jú pẹ̀lú àpò rẹ̀ ní dídì. Yan ọ̀kan."

Ìjà tó jà láàárín ìgbà náà, ìjà mi àti ẹfọ̀n kò tó o. Ó rántí baba rẹ̀ tó so àpò náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ó rántí Láòyè tó ń fò létí odò, aṣọ pupa lára, tí ọta sì gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ kọjá. Ó tú okùn. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òǹdè, ìrù ẹran, egbòogi méje tí baba rẹ̀ fún un. Ìyá náà fi ìka kan yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí." Títí ó fi kan ìdì ọ̀rá kékeré kan, tí ìyẹ̀fun funfun wà nínú rẹ̀.

"Kí lorúkọ èyí?"

"Gbéradìde. Ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà ló tà á fún mi. Orúnkún ń dùn mí, n kò lè ṣọ́ òru mọ́. Mo lá a lẹ́ẹ̀kan, mo sáré bí ẹtu. Ọdún mẹ́ta nìyí, àárọ̀ kan, alẹ́ kan."

"Ta ló ṣe é? Kí ni wọ́n pò sí i?"

Ọdẹ́rìndé kò mọ̀.

"Ó bẹ̀rù láti tú àpò níwájú mi," Ìyá náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ, "kò bẹ̀rù láti lá ohun tí kò ní orúkọ baba. Ọmọ mi, oògùn líle kan ni wọ́n máa ń gún pọ̀ mọ́ irú èyí. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n, ó ń gba ẹ̀mí là. Bí a bá wá ń lá a láìwọ̀n báyìí, ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń jí oorun gbé, ó sì ń tú omi sábẹ́ ẹní. Kì í ṣe gbogbo olómi lójú ló lá a o, ṣùgbọ́n tìrẹ, mo ti mú olè."

Ọdẹ́rìndé gbá ìdì náà mú, ó fẹ́ jù ú sínú kànga. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹni tó ti gun ọ̀pẹ fún ọdún mẹ́ta kì í fò sílẹ̀, á fọ́ egungun. Ara rẹ ti gbójú lé e. Mo máa mú ọ sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, kí o sùn."

"Kí n sùn? Ìyá, mo la Igbó Méjìméjì kọjá, mo sunkún fún ọba, mo ba òfin baba mi jẹ́, oorun lẹ fẹ́ fún mi?"

"Oorun ni. Omi tó wọlé láìpariwo, láìpariwo náà ló máa ń jáde. Púpọ̀ nínú wọn, tí a bá gba olè lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ á fa omi náà mu fúnra rẹ̀."

Ó sùn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń lá díẹ̀, ó ń lá díẹ̀ kéré sí i, títí kò fi lá mọ́. Orúnkún ń dùn ún, ìyá náà ń fi omi gbígbóná pa á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fà padà. Lóròòwúrọ̀ ni wọ́n ń ta àwọ̀n, tí ó ń yà á sínú eérú. Ìwúlé náà ń rọ̀, okùn ń sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ àárín kò yọ. Nígbà tí oṣù kejì parí, ìyá náà tún wo inú àwo. Èéfín tínrín náà kò tíì dá.

"Ó ṣe oríkunkun," ó ní. "A ó lẹ̀ ẹ́. Ibi tó ń jò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín, kò sí ní àárín gan-an. Ìyẹn ni mo fi lè fọwọ́ kàn án. Ìmọ́lẹ̀ ni n ó fi lẹ̀ ẹ́. Bí o bá mira, bó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n irun orí kan, n ó jó ibi tí o fi ń rí ojú ènìyàn."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ọdẹ ṣe yẹ̀yẹ́! Ta ló mọ ìdúró bí ọdẹ? Ta ni kòkòrò máa rìn gba etí rẹ̀ kọjá tí kò ní mi? Ọdẹ́rìndé gbé àgbọ̀n lé òkúta, ó dúró bí ìgbà tí àgbọ̀nrín bá ń bọ̀ létí omi. Èémí rẹ̀ pàápàá jókòó. Ìyá Awòsàlẹ̀ fa ìtànṣán kan yọ láti inú oòrùn ọ̀sán, ó fọn ọ́n títí ó fi tinrín, ó di àwọ̀ ewé. Ó tàn fìrí. Ó tún tàn fìrí. Ó tán. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń sín.

"Dìde," ó ní. "Mo ti di ẹnu ìsun náà."

Kò sí ìyanu lọ́jọ́ náà, kò sí lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọdẹ́rìndé bo ojú òsì, ó wo àwọ̀n. Okùn tọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan so sí àárín. Ó yí ojú sí ìyá náà, ó rí ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta: ilà kéékèèké ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín kan tó ti ká, àti ẹ̀rín. Àwọ̀ ohun gbogbo ṣì ṣá díẹ̀ lójú ọ̀tún ju òsì lọ, bí aṣọ tí a ti fọ̀ jù. Ìyá náà ní ó lè máà kúrò. Ọdẹ́rìndé ní, "Èyí tí mo gbà náà ju ẹ̀tọ́ mi lọ," ó dọ̀bálẹ̀, ó kọrí sílé.

Nígbà tó padà dé Òkè-Ẹtu, Àwẹ̀ró kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀, ó ní kí ó bo ojú òsì kó sọ ohun tó rí. Ohun tó sọ fún un, kò sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí Àwẹ̀ró lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ń ṣe ló ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo àwa ọdẹ pé jọ sí ilé ìpàdé. Ọdẹ́rìndé dìde, ó sì da àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Ilé dàrú! Olúọdẹ wa nígbà náà ni Baba Ọdẹ́súnmádé, ẹni tó sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ gbà mí! Ó tú àpò fún obìnrin, ó wá tú u fún wa. Ọdẹ́rìndé, ṣé ṣòkòtò ló kàn?"

"Baba, kò kan ṣòkòtò. Ẹni tó bá ń lá Gbéradìde níbí, n kò ní kó jẹ́wọ́. Ọwọ́ kan péré ni kí ẹ gbé. Ẹ fi bo ojú òsì, kí ẹ wo òpó tó wà láàárín ilé yìí."

"Òpó tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́! Tó tọ́ ju ọmọlúàbí lọ! Kí ló fẹ́ ṣe é?" Olúọdẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé ọwọ́ bojú.

Ẹ̀rín náà dá lójijì. Ó mú ọwọ́ kúrò. Ó gbé e padà. Ó bo ojú kejì, ó tún bo ti àkọ́kọ́.

"Ta ló wọ́ òpó yìí?" ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré bí ti ọmọdé.

Ọdẹ́rìndé rìn tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Baba, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo mọ ọ̀nà."

Kí oòrùn tó gun òrùlé ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà lọ́nà. Mẹ́rin nínú wa sì dìde, a kò wo ojú ara wa, a tẹ̀ lé wọn.